Orí Kẹfà: Bí A Ṣe Ń Sọ Fún Ọmọ Ìyá Ẹni Pé Kó Lọ Gba Yàrá Tirẹ̀

Àgbàlagbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì ní Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn. Bí ẹ bá gba ẹ̀gbẹ́ òkè Mápó sọ̀kalẹ̀ sí Ọjà'ba lálẹ́, ẹ ó rí ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ti ń gbé àga pálọ̀ ti ògiri kí ẹnì kan lè rí àyè tẹ́ ẹní. Ẹni tó ń tẹ́ ẹní náà lè ti lé lọ́gbọ̀n ọdún. Ọ̀sẹ̀ méjì ló ní òun fẹ́ lò, ó ti di ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó lé e, kò sì sẹ́ni tó sọ fún un pé kó máa gbé lọ.

Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo irú ìdílé bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba. Ọkọ ń wa takisí Micra láti Bẹẹrẹ sí Challenge, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló sì ń jí. Yàrá kan àti pálọ̀ ni wọ́n gbà. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí, èyí àgbà jẹ́ ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìnlá. Àbúrò ìyàwó ló ń sùn ní pálọ̀. Ó máa ń wo bọ́ọ̀lù di òru, ọmọbìnrin yẹn kò sì rí ibi pààrọ̀ aṣọ bí kò ṣe balùwẹ̀ tí gbogbo ilé jọ ń lò. Ẹ̀gbọ́n kò sọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bó bá di àárọ̀, tó ń fọ abọ́, abọ́ á máa dún gbàgà-gbàgà. Á pe ọmọ rẹ̀ kékeré, á ní, "Ṣé ìwọ náà fẹ́ dàgbà tán kó o máa sùn títí oòrùn á fi là ni?" Ọmọ ọdún mẹ́fà ló dojú kọ, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí ẹní mọ̀ pé òun ni ọ̀rọ̀ ń bá wí. Òun náà á dìde, á ká ẹní, á wọ bàtà, á sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ bá ṣú, orí á máa fọ́ ẹ̀gbọ́n, oorun ò ní wá. Ó lè gba ilé ìwòsàn lọ nítorí orí fífọ́ yẹn, kó má sì rántí sọ fún dókítà pé èèyàn márùn-ún ló ń sùn nínú yàrá òun.

Ohun tí a fẹ́ kó yé wa nínú orí yìí ni pé kíkó kúrò lábẹ́ òrùlé kan kì í ṣe kíkúrò nínú ẹbí. Bí a bá sọ ọ́ lásìkò, tí a sì ṣètò rẹ̀, ó lè jẹ́ òun gan-an ni yóò pa ẹbí mọ́. Ìgbà tí a bá dákẹ́ títí inú fi bàjẹ́ ni kíkó ẹrù jáde máa ń di kíkọ ara ẹni sílẹ̀.

Ilé ta ni?

Ọ̀pọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa sọ. Ohun tó ṣáájú rẹ̀ ni kí ẹ mọ ẹni tó ni ilé tí ẹ ń gbé.

Bó bá jẹ́ ilé baba ni, ọmọ kò lè lé ọmọ. Gbogbo wọn ló ni ín. Ó pẹ́ tí kóòtù ti fọwọ́ sí àṣà yìí. Nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí wọ́n dá ní Èkó ní 1908, ilé ẹjọ́ gbà pé ilé tí baba fi sílẹ̀ di ti ẹbí lápapọ̀, àti pé lẹ́yìn tí dáwódù, ìyẹn àkọ́bí ọkùnrin baba náà, bá kú, ọmọ tó dàgbà jù nínú àwọn ọmọ baba tó kù, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin, ló tọ́ sí ipò olórí ẹbí. Owó tí ẹ fi pààrọ̀ páànù tàbí tí ẹ fi rẹ́ ògiri kò sọ ilé ẹbí di tiyín. Ohun tí ẹ lè bèèrè fún nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ni pípín àyè: ta ló ni yàrá wo, ta ni yóò máa san owó iná, aago mélòó ni a ó máa ti ilẹ̀kùn. Iwájú olórí ẹbí tàbí mọ́gàjí agbo ilé ni a ti ń yanjú ìyẹn.

Bó bá jẹ́ ilé tí ẹ ń sanwó rẹ̀ ni, tàbí èyí tí ẹ fi owó ara yín kọ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àlejò yín ni ọmọ ìyá yín níbẹ̀, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé àsìkò ti tó. Púpọ̀ nínú ìjà tó ń ṣẹlẹ̀ ni ó wá láti inú dída ilé méjèèjì pọ̀: àbúrò ń pe yàrá tí ẹ̀gbọ́n ń sanwó rẹ̀ ní ilé wa, ẹ̀gbọ́n sì ń pariwo "jáde nílé mi" nínú ilé tí baba àwọn méjèèjì kọ́.

Àwọn kan á ní àṣà Yorùbá kò fàyè gba kí ọmọ ìyá kó kúrò lọ́dọ̀ ọmọ ìyá. Bẹẹrẹ fúnra rẹ̀ jẹ́rìí pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ní nǹkan bí 1829 ni àwọn jagunjagun láti Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, àwọn olóyè ogun sì kọ́ agbo ilé yí Mápó àti Ọjà'ba ká, yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yàrá, àgbàlá láàárín. Ní 1962, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́ kọ̀wé lórí bí àwọn àdúgbò Ìbàdàn ṣe dàgbà, ó sì ṣàlàyé pé pípín ni ààrin ìlú àtijọ́ fi ń dàgbà: agbo ilé ńlá á pín sí ilé kéékèèké, bí àwọn ọmọ ilé ṣe ń yọ tiwọn sọ́tọ̀ lórí ilẹ̀ kan náà. Ó wà lára ohun tó jẹ́ kí ilé fún mọ́ ilé níbẹ̀ títí mọ́tò kò fi lè dé ẹnu ọ̀nà ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn mìíràn gba oko lọ, wọ́n ń gbé abúlé. Síbẹ̀, orúkọ agbo ilé wọn ni wọ́n ṣì ń dá, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń padà sí bí Iléyá bá dé, bí òkú bá kú, bí ìyàwó bá ń lọ ilé ọkọ. Àwọn baba wa mọ bí a ṣe ń pín òrùlé láìpín ẹ̀jẹ̀.

Ohun tí ìfúnpọ̀ ń ṣe fún ara

UN-Habitat, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, ka ilé sí èyí tí àyè kò tó bí èèyàn bá ti ju mẹ́ta lọ sí yàrá kan. Ní 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé ìlànà jáde lórí ilé àti ìlera, ìfúnpọ̀ sì wà lára ohun tí wọ́n ní kí àwọn ìjọba gbógun tì. Ẹ padà wo ìdílé wa. Èèyàn mẹ́fà ló wà nínú yàrá àti pálọ̀. Bí a bá fi ojú ìṣirò wò ó, mẹ́ta-mẹ́ta ni. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹnì kan ló ni pálọ̀, àwọn márùn-ún yòókù sì wọ yàrá kan ṣoṣo.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìfúnpọ̀ ń mú wá ni àrùn inú afẹ́fẹ́. Bí ẹni tó ní ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wúkọ́, kòkòrò àrùn náà máa ń dúró nínú afẹ́fẹ́ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, àwọn tó ń sùn níbẹ̀ á sì máa mí in símú ní gbogbo òru. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ń wúkọ́ tó ọ̀sẹ̀ méjì nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ìbáà ṣe ọmọ ilé tàbí àlejò, kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Ọ̀fẹ́ ni àyẹ̀wò àti ìtọ́jú rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba.

Ìkejì ni oorun. Láti 2015 ni àwọn onímọ̀ oorun ní Amẹ́ríkà ti fẹnu kò pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa sun oorun wákàtí méje ó kéré tán. Ọkọ tó ń jí ní aago mẹ́rin ààbọ̀, tí tẹlifíṣọ̀n ń pariwo ní ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ títí di aago méjìlá, kò lè rí ju wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lọ. Bẹ́ẹ̀, òru ni ara ń sinmi. Nínú ara tó ń sùn dáadáa, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 10 sí 20 nínú 100 lóru. Ẹni tí oorun rẹ̀ ń já lemọ́lemọ́ lè pàdánù ìsinmi yìí, ọkàn àti òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Ọkọ wa yìí sì tún máa jókòó sídìí ọkọ̀ bílẹ̀ bá mọ́.

Ìkẹta ni wàhálà ọkàn. Bí a bá wà lójúfò nínú ilé ara wa, ẹṣẹ́ tó wà lórí kíndìnrín á máa tú adrenaline àti cortisol sínú ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wúlò fún ẹni tí ajá ń lé. Bó bá di ojoojúmọ́, wọ́n á máa gbé ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ sókè, wọ́n á sì máa lé oorun lọ.

Ìkẹrin, ohun tí ìfúnpọ̀ ń ṣe fún ìfẹ́, ló kan ọ̀rọ̀ wa jù. Àwa Yorùbá gbà pé yàrá kan gba ogún ọ̀rẹ́ bí ìfẹ́ bá wà. Ní 1991, Stephen Lepore, Gary Evans àti Margaret Schneider gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà tí wọ́n fún mọ́ra nínú ilé tí wọ́n jọ gbà. Lẹ́yìn oṣù méjì, àwọn tó rò pé àwọn tí àwọn jọ ń gbé dúró ti àwọn kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìnira náà lára. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ṣẹ. Ṣùgbọ́n nígbà tó di oṣù kẹjọ, ìdúrótì náà fúnra rẹ̀ ti jẹ tán. Àwọn tó ń gbé níbi tó fún jù ni kò rò mọ́ pé ẹni tí àwọn jọ ń gbé wà fún àwọn. Ìfúnpọ̀ tó pẹ́ máa ń jẹ ìfẹ́ tó yẹ kó gbé e ró. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ohùn ọmọ ìyá yín ti ń bí yín nínú kó tó sọ nǹkan kan, kò túmọ̀ sí pé ẹ ti di èèyàn burúkú. Àmì pé àsìkò ti kọjá ni.

Kí ló dé tí kò tíì lọ?

Ẹ wádìí èyí kí ẹ tó la ẹnu, nítorí ibi tí ìdí bá wà ni ìrànwọ́ gbọ́dọ̀ wà.

Owó ló wọ́pọ̀ jù. Onílé lè bèèrè owó ọdún kan tàbí ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà, kí owó àgírímẹ́ǹtì àti kọ̀míṣọ̀n éjẹ́ǹtì tún gun orí rẹ̀. Ẹni tó ń rí owó ojoojúmọ́ lè san owó yàrá lóṣooṣù láìlè kó owó ọdún kan jọ lẹ́ẹ̀kan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀, àjọ ló nílò, ìbínú kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ó sì lè jẹ́ àìsàn. Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gureje ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, fi hàn pé nǹkan bí 12 nínú 100 àgbàlagbà tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà ti ní àìsàn ọpọlọ kan rí nígbà ayé wọn. Nínú àwọn tí tiwọn le gan-an, nǹkan bí 8 péré nínú 100 ló rí ìtọ́jú láàárín ọdún kan. Àbúrò tí a ń pè ní ọ̀lẹ nítorí pé kì í fẹ́ dìde, tí kì í jẹun dáadáa, tí kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, lè jẹ́ ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn dì mú. Ẹ mú un lọ rí dókítà, ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn tàbí èyí tó sún mọ́ yín, kí ẹ tó sọ̀rọ̀ ilé.

Oògùn olóró náà wà níbẹ̀. Ìwádìí àpapọ̀ ti 2018 lórí lílo oògùn ní Nàìjíríà fi hàn pé nǹkan bí 23 nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọdún 15 sí 64 ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló lo oògùn nílòkulò láàárín ọdún kan, nígbà tí ti gbogbo orílẹ̀-èdè jẹ́ 14.4. Kíkó irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ sí yàrá tó dá wà láìsí ìtọ́jú lè pa á lára. Ìtọ́jú ni kó ṣáájú, kí ilé tẹ̀ lé e.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, kò lọ nítorí pé kò sẹ́ni tó sọ fún un rí. Ó ń mú àwọn ọmọ lọ sí ilé ìwé, ó ń pọnmi, ó rò pé ẹ ṣì nílò òun.

Bí a ṣe ń sọ ọ́

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Ìmọ̀ nípa ọpọlọ ti ìyẹn lẹ́yìn. Ní 2003, Naomi Eisenberger àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní kí àwọn èèyàn ṣeré bọ́ọ̀lù lórí kọ̀ǹpútà, wọ́n sì ṣe é kí àwọn yòókù má jù ú sí wọn mọ́. Apá kan nínú ọpọlọ tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí ara bá ń dun èèyàn ló gbéra sọ. Bí eré lásán bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ronú ohun tí "kẹ́rù ẹ" máa ṣe bó bá ti ẹnu ọmọ ìyá jáde lójú àwọn ọmọ.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ so wọ́n pọ̀ ni kó sọ ọ́. Bó bá jẹ́ àbúrò ọkọ, ọkọ ni kó sọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ àbúrò ìyàwó, ìyàwó ni. Ìyàwó tó bá sọ fún àbúrò ọkọ pé kó máa lọ, wọ́n á sọ ọ́ títí ayé pé òun ló lé e. Ọkọ tó bá wá fẹnu ara rẹ̀ ní "ìyàwó mi ló ní kó o lọ" ti da ìyàwó rẹ̀ fún ẹbí. Kí tọkọtaya kọ́kọ́ fẹnu kò sí ọjọ́ kan náà àti iye owó kan náà.

Ẹ yan ọjọ́ tí kò sí ìjà. Ẹ rán àwọn ọmọ níṣẹ́. Ẹ jẹun tán. Ẹ̀gbọ́n wa ẹlẹ́lùbọ́ lè sọ ọ́ báyìí:

"Àbúrò mi, wá jókòó tì mí. Kì í ṣe ìjà o. Ọdún mẹ́ta rèé tó o ti wà lọ́dọ̀ wa, mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ yìí ti ń di ọ̀dọ́bìnrin, yàrá ò gbà wá mọ́. Mo fẹ́ kó o ti wà ní yàrá tìẹ kí Iléyá tó dé. Jẹ́ ká jọ wo bá a ṣe máa ṣe é."

Ó ṣeé ṣe kó fèsì pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?" Kí ẹ̀gbọ́n má ṣe fi ìgbà yẹn ka ẹ̀ṣẹ̀ ọdún mẹ́ta sílẹ̀. "O ò ṣẹ̀ mí. Tó o bá ṣẹ̀ mí, mo máa sọ fún ẹ. Àyè ni ò sí."

Ẹ wo ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ kúkúrú yẹn. Ìdí rẹ̀ dá lórí àyè àti ọmọ tó ń dàgbà, kò kan ìwà ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ wà níbẹ̀ tí gbogbo ẹbí mọ̀, tí a kò lè máa sún síwájú lábẹ́lẹ̀. Ìrànwọ́ sì wà níbẹ̀. Ní ti àsìkò, oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bójú mu fún ọ̀pọ̀ ìdílé. Lọ́jọ́ kejì, kí àbúrò bẹ̀rẹ̀ àjọ lọ́dọ̀ alájọ ní orúkọ ara rẹ̀, kí ẹ sì sọ iye tí ẹ̀yin máa fi kún un, kí àwọn ọmọ ìyá yòókù náà dá tiwọn. Kí yàrá tí ẹ máa wá má jìn sí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má ṣe ju ẹrù ẹnikẹ́ni síta, ẹ má sì ṣe pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ nígbà tí kò sí nílé. Ìtìjú ìta gbangba kì í tán nínú ẹbí.

Ohun kan ṣoṣo ni kì í dúró de ọjọ́ àdéhùn. Bó bá ń lu ènìyàn, tàbí tó ń fọwọ́ kan ọmọ lọ́nà tí kò tọ́, ọjọ́ náà gan-an ni kó jáde, kí ẹ sì fi tó ọlọ́pàá létí. Kò sí ọmọ ìyá tó ju ààbò ọmọ lọ.

Bó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n ni

Bó bá jẹ́ àbúrò ló ni ilé, tí ẹ̀gbọ́n sì ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò kò lè jókòó kó ní kí ẹ̀gbọ́n òun máa lọ. Ẹ wá ẹni tí ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀wọ̀ fún: ìyá yín, àbúrò bàbá yín, mọ́gàjí, àáfà tàbí pásítọ̀, tàbí ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n náà látijọ́. Ẹ lọ bá a nìkan, ẹ sọ òótọ́ ibẹ̀ fún un, ẹ sì bẹ̀ ẹ́ pé kó bá yín mú un sọ bí ẹni pé òun ló rí i. Bí àgbà náà bá gbọ́n, ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ ló máa sọ níkẹyìn pé, "Ó yẹ kí n wá ibi kan." Kí àbúrò wá kúnlẹ̀ tàbí kó dọ̀bálẹ̀, kó sì wí pé, "Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Owó yàrá ọdún àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i." Iyì ẹ̀gbọ́n ti dúró, yàrá sì ti ṣí sílẹ̀. Kóòtù ìbílẹ̀ wà ní Mápó fún ohun tí ẹbí kò bá lè yanjú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó bá dé ibẹ̀ ti tẹ ọwọ́ gbogbo ayé. Ẹ jẹ́ kó gbẹ̀yìn.

Lẹ́yìn tó bá kó lọ

Karl Pillemer, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Yunifásítì Cornell, gbé ìwé kan jáde ní 2020 lórí àwọn ẹbí tó ti yapa. Nínú àwọn àgbàlagbà tí ó bi léèrè káàkiri Amẹ́ríkà, 27 nínú 100 ló ní ìbátan kan tí wọn kì í bá sọ̀rọ̀ mọ́. Ó tún bá àwọn tó parí ìjà wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní àwọn yé fi dandan lé e pé kí ẹnì kejì gba ìtàn bí àwọn ṣe sọ ọ́. Ó kan àwa náà. Ẹ má máa ka iye oúnjẹ tí ó jẹ lọ́dọ̀ yín fún àlejò gbọ́. Bí òun bá ń sọ pé ẹ lé òun, ẹ má ránṣẹ́ sí gbogbo ẹbí láti sọ pé irọ́ ni. Ìwà yín ni kó dáhùn.

Nítorí ọ̀nà ṣì jìn. Oyè Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí mìíràn ní 2003, lórí àwọn èèyàn tó lé ní 2,000 tí wọ́n ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá. Wọ́n rí i pé kíkópa nínú ọ̀rọ̀ ẹbí àti ti àdúgbò wà lára ohun tó lágbára jù tó ń jẹ́ kí ọjọ́ ogbó tuni lára. Ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀ yàrá lónìí wà lára àwọn tí ẹ máa nílò nígbà náà.

Nítorí náà, ẹ bá a gbé ẹrù dé yàrá tuntun náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ gbé oúnjẹ lọ, kí ẹ sì mú àwọn ọmọ dání kí wọ́n mọ ilé rẹ̀. Ẹ pè é sí ohun tí ẹ bá ń ṣe nílé kí ẹlòmíràn tó pè é. Bí oṣù mẹ́fà bá kọjá, tí ó ń wá sọ́dọ̀ yín láìnídìí, tí ẹ̀yin náà sì ń jẹun nílé rẹ̀, a jẹ́ pé ẹ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ní kó lọ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ kí i.